Ẹ Má Ta Ìtàn Wa Lọ́pọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìtàn wa ní oníbàárà nílẹ̀ òkèèrè. Ní 1970, Ossie Davis ará Amẹ́ríkà wá darí fíìmù Kongi's Harvest nílẹ̀ wa. Wọlé Ṣóyínká ló kọ ọ́, ó sì ṣeré nínú rẹ̀. Ní 2022, Netflix gbé Ẹlẹ́ṣin Ọba àti Aníkúlápó dé ojú ayé.

Lónìí, òǹkọ̀wé lè jókòó sí yàrá rẹ̀ kí ó fi ìwé eré ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ sí i pé òun ta gbogbo ẹ̀tọ́ òun ti ta oko mọ́ ìkórè. Ẹ yá wọn fún iye ọdún kan nínú ìwé àdéhùn. Ẹ má tà á pátápátá.

Ìjọba náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Mòrókò ń dá tó ìdá 30 nínú 100 owó tí àlejò bá ná sórí fíìmù níbẹ̀ padà. Ó wà lára ohun tó ń fà wọ́n lọ sí Ouarzazate. Bí tiwa bá ṣe bẹ́ẹ̀, aránṣọ, káfíńtà àti olóúnjẹ yóò rí jẹ.

Àgbà tó ta àpò ìtàn rẹ̀, àlọ́ wo ni yóò pa fọ́mọ?