Bàtà Agbérin Kì í Ṣe Bàtà Ọdún



Àṣà kan wà tí ó ti wọ̀ wá lára. Nígbà tí a bá lọ sí ọjà láti ra bàtà ọdún fún ọmọ, a kì í ra èyí tí ó ṣe wẹ́kú ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ó fi ìka méjì tóbi jù ú lọ ni à ń rà, a ó sì ki òwú tàbí bébà sí orí rẹ̀, kí ọmọ lè wọ̀ ọ́ títí di ọdún tí ń bọ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀. Owó kò tó, ẹsẹ̀ ọmọ kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àwọn ọmọ mi, n kò sì rí ìpalára kan tí ó ti ibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí mo sì ra bàtà fún un ní ọ̀nà kan náà, ó fi ẹsẹ̀ rọ́ nígbà tí irin wà ní òkè orí rẹ̀. Ọlọ́run ni ó yọ wá. Ó ju irin náà sí iwájú, kò sì bà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi tiro. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ó ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé bàtà náà ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ òun, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́, nítorí pé ó rí bí mo ti ka owó náà tó kí n tó san án.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé púpọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ní ọdún 2000, ní ìlú Sydney, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gba àwọn obìnrin láàyè láti gbé irin níbi ìdíje Òlíńpíìkì, ọmọ Nàìjíríà kan, Ruth Ogbeifo, gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà. Kílò 245 ni ó gbé lápapọ̀, iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó gba wúrà àti ẹni tí ó gba idẹ. Ìwọ̀n ara wọn ni wọ́n fi mọ ẹni tí ó ṣáájú. Ní ọdún 2022 ní Birmingham, níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì, Adijat Ọlárìnoyè àti Rafiatu Fọláṣadé Lawal gba wúrà fún Nàìjíríà. Àwọn ọmọbìnrin wa ń gbọ́ orúkọ wọ̀nyí, wọ́n sì ń fẹ́ ṣe bí wọn. Àwọn àgbà kan nínú ilé a máa sọ pé irin gbígbé kì í jẹ́ kí ọmọ ga, tàbí pé ó ń ba ilé ọmọ jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, bí olùkọ́ni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bá wà nítòsí, tí ẹrù kò sì ju agbára ọmọ lọ. Èmi kò bẹ̀rù irin náà mọ́. Bàtà ni mo ń bẹ̀rù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gún iyán rí yóò gbà pé kò sí ẹni tí í gbé odó ka orí tìmùtìmù. Bí ó bá gbé e síbẹ̀, tìmùtìmù ni yóò gba gbogbo agbára tí ó fi sí ọmọ odó, odó náà yóò sì máa yí sí ọ̀tún àti sí òsì. Bàtà ìsáré tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, tìmùtìmù ni ó wà ní ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà fara pa bí a bá ń sáré lórí ọ̀dà, ó sì dára fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti gbé irin sókè, ìtẹ́lẹ̀ rírọ̀ yẹn a tẹ̀, a sì máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Ọrùn ẹsẹ̀ a yí, orúnkún a tẹ̀lé e, ìbàdí a sì gba ìyókù. Ẹ rántí pé ọ̀pá irin tí àwọn obìnrin fi ń díje, kí a tó fi ohunkóhun kọ́ ọ, kílò 15 ni. Ti àwọn ọkùnrin jẹ́ kílò 20.

Bàtà agbérin yàtọ̀. Ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, ó fẹ̀, kì í sì í yọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju iwájú lọ díẹ̀, láàárín mìlímítà 15 sí 22 nínú èyí tí ó pọ̀ jù. Igi, awọ tí a tò léra, tàbí ike líle ni wọ́n fi ń ṣe ibi gíga náà. Yàtọ̀ sí okùn rẹ̀, ìdè fífẹ̀ kan tàbí méjì gba orí ẹsẹ̀ kọjá láti mú un dúró. Kì í ṣe bàtà gogoro o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí gíga náà, ẹ lóṣòó bí ẹni tí ó fẹ́ ṣa ẹ̀wà nílẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí gìgísẹ̀ yín gbéra. Ẹlòmíràn yóò balẹ̀ láìsí wàhálà. Ẹlòmíràn yóò tẹ̀ síwájú tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sẹ́yìn, nítorí pé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ ni agbérin gbọ́dọ̀ lóṣòó pẹ̀lú ẹrù lókè orí, kí àyà rẹ̀ sì dúró ṣánṣán. Bí ẹ̀yìn bàtà bá ga díẹ̀, orúnkún a lè lọ síwájú, ẹ̀yìn kò sì ní tẹ̀ bí ọrun. Ẹ lè yẹ ọmọ yín wò nílé. Kí ó bọ́ bàtà, kí ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan níwájú ògiri, kí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kejì fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí ògiri náà, kí ó sì ti orúnkún ẹsẹ̀ yìí síwájú títí yóò fi kan ògiri, láìjẹ́ kí gìgísẹ̀ gbéra. Bí ó bá ṣe é pẹ̀lú ìrọ̀rùn, gíga ẹ̀yìn bàtà kò ní jẹ́ ọ̀ràn ńlá fún un. Bí kò bá lè ṣe é, bàtà náà yóò ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní mú kí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Kí ó máa nà án lójoojúmọ́. Bí ó bá sì ń dùn ún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ọjà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọn ẹsẹ̀ ọmọ, nítorí pé ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tí yóò máa lò, kí ó dúró lórí bébà láìfara ti nǹkan kan, kí ẹ sì fa ìlà yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká. Ẹsẹ̀ méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Èyí tí ó tóbi jù ni kí ẹ ra bàtà fún. Ẹ gé bébà náà, kí ẹ mú un dání, nítorí pé nọ́ńbà inú bàtà ilé iṣẹ́ kan kò bá ti òmíràn mu. Nínú bàtà, ọmọ ìka kò gbọ́dọ̀ ká, ó gbọ́dọ̀ lè mira, ṣùgbọ́n kí àlàfo iwájú má ju ìdajì ìbú ìka ọwọ́ kan lọ. Gìgísẹ̀ ni kí ẹ wò jù. Ẹ di okùn, ẹ di ìdè, kí ọmọ rìn, kí ó lóṣòó, kí ó dìde. Bí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá ń gbéra nínú bàtà, ẹ dá a padà. Òwú kò lè tún un ṣe, ìbọ̀sẹ̀ méjì náà kò lè tún un ṣe. Ẹsẹ̀ yóò ṣì máa yí nínú rẹ̀. Bí ìdè bá sì ń mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, bàtà náà kéré tàbí kò fẹ̀ tó.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: ẹsẹ̀ ọmọ yóò dàgbà kí ọdún tó yí po, bàtà náà sì wọ́n. Òótọ́ ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí n kò fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti rà á ní oṣù kìíní. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń lóṣòó pẹ̀lú ọ̀pá igi kò nílò rẹ̀. Kánfáàsì tí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò rọ̀, tí ó sì bá ẹsẹ̀ mu, ti tó o. Ó sàn ju bàtà ìsáré olówó ńlá lọ. Kí ó má ṣáà wọ sílípáàsì. Nígbà tí olùkọ́ni bá sọ pé ó tó àkókò, ẹ wá àlòkù. Inú gbọ̀ngàn nìkan ni wọ́n ń wọ bàtà yìí, wọn kì í wọ̀ ọ́ rìn ní ìgboro, nítorí náà kì í tètè jẹ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀: bí ó bá tẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo bóyá ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣí. Ẹ nu inú rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí ọmọ má baà kó ohun tí ń mú kí àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa yún, kí ó sì máa bó.

Lójú tèmi, ohun tí ó dára jù ni kí àwọn ìyá tí ọmọ wọn jọ ń gbé irin dá àjọ bàtà sílẹ̀, bí a ti ń dá àjọ owó. Bàtà tí ó bá kéré fún ọmọ kan yóò lọ sí ẹsẹ̀ ọmọ tí ó tẹ̀lé e, ẹni tí ó gbà á yóò sì san díẹ̀ sínú àpò, èyí tí a ó fi ra títóbi fún ẹni tí ó fi í sílẹ̀. Ìyá márùn-ún ni a fi bẹ̀rẹ̀ tiwa. Bàtà kejì tí mo rà fún ọmọ mi, èyí tí ó ṣe wẹ́kú ẹsẹ̀ rẹ̀, ti wà lẹ́sẹ̀ ọmọ kẹta báyìí, ìdè rẹ̀ kan ṣoṣo ni aránbàtà sì tíì pààrọ̀. Ti àkọ́kọ́, èyí tí ó tóbi, ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi.