Ẹ Gbé Ti Ajá Sọ́tọ̀ Kí Àlùbọ́sà Tó Wọ Ìkòkò

A ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru lórí abala yìí, a ti sọ̀rọ̀ nípa ibà àwọn ọmọdé. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ajá ilé yín wà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú oúnjẹ ajá. Ẹ ṣe sùúrù fún mi, ẹ óò rí i pé ó kàn mí, ó sì kan ẹ̀yin náà.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, a ní ajá kan tí à ń pè ní Bingo. Ajá ìbílẹ̀ wa ni, etí rẹ̀ kan nà sókè, èkejì wó. Àbíkẹ́yìn mi ló kó owó tí wọ́n fún un lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ jọ, tó ní ká fi rà á fún òun. Lọ́dún yẹn la ṣe ìnáwó ọgọ́rin ọdún Màmá, ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ìrẹsì ṣẹ́ kù, ọbẹ̀ ṣẹ́ kù. Ẹ sì mọ bí ọbẹ̀ ìnáwó ṣe máa ń rí, àlùbọ́sà tí wọ́n ń gé sínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni Bingo fi jẹ ọbẹ̀ yẹn, inú wa sì ń dùn pé a kò fi oúnjẹ ṣòfò.

Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ajá kò dìde mọ́. Ìtọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Mo la ẹnu rẹ̀ wò, ẹran ìdí eyín rẹ̀ funfun bí òwú. Èmi tí mo máa ń wo ojú àwọn aboyún lójoojúmọ́ láti mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, n kò ronú kan nǹkan kan. Mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ gbóná, mo bá fọ́ paracetamol méjì sínú ẹ̀kọ, mo fi fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi, mo ti bú ara mi tó. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ kejì, ó béèrè ohun tó jẹ, mo sọ fún un. Ó béèrè oògùn tí a fún un, mo sọ ìyẹn náà. Ọkùnrin náà kàn mi orí ni. Àlùbọ́sà ti ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá náà jẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan, èmi tún lọ gbé oògùn tó ń ba ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́ lé e lórí. Bingo kú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ohun tí dókítà yẹn ṣàlàyé fún mi nìyí. Èròjà kan wà nínú àlùbọ́sà àti aáyù tí kò ṣe àwa ènìyàn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ó bá wọ ara ajá, ṣe ló máa ń fọ́ àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Sísè kò pa á, díndín kò pa á. Èyí tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná tún wá le ju tútù lọ, nítorí pé púpọ̀ rẹ̀ ló wà nínú ṣíbí kan. Bẹ́ẹ̀ rèé, ọ̀pọ̀ màgí tí à ń fọ́ sínú ọbẹ̀ ni wọ́n fi àlùbọ́sà lílọ̀ sí, yàtọ̀ sí iyọ̀ tó kún inú rẹ̀. Èyí tó wá ń tan ènìyàn jẹ ni pé ajá kì í ṣàìsàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó rẹ̀ ẹ́, nígbà yẹn ẹni tó fún un ní ọbẹ̀ ti gbàgbé. Ti ológbò tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hóró paracetamol kan ṣoṣo lè pa ológbò.

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn, Màmá kò gbà. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ajá bàbá mi lóko, èbà àti egungun ló ń jẹ, ó sì gbó títí irun ẹnu rẹ̀ fi funfun. Ta ló ń dáná fún ajá?" N kò lè bá Màmá jiyàn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò ó. Ajá oko ayé ìgbà yẹn, ọdẹ ni. Ìfun òkété ló ń jẹ, orí ọ̀yà ló ń jẹ, ó sì ń pa eku fúnra rẹ̀. Kò sí màgí nínú ọbẹ̀ tí wọ́n dà sí i. Èyí tó bá sì kú lójijì nínú wọn, wọ́n á ní ẹnì kan ló fún un ní májèlé jẹ ni. Ta ló ka iye wọn? Mo rora sọ èyí fún Màmá lálẹ́, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n máa yọ ẹja tiwọn sọ́tọ̀ kí n tó gé àlùbọ́sà, kí àwọn lè rí nǹkan fún ajá tuntun tí a bá rà. Ibi tí ọ̀nà tí mò ń gbà báyìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kò le rárá. Bí mo bá fẹ́ se ẹran ọbẹ̀, omi nìkan ni mo fi ń kọ́kọ́ bọ̀ ọ́. Bí ó bá ti rọ̀, mo gbé ti ajá kúrò, lẹ́yìn náà ni iyọ̀, ata, àlùbọ́sà àti màgí tó wọ tiwa. Bí irú ẹ bá jẹ́ ẹni tí kò lè jẹ ẹran tí wọn kò fi àlùbọ́sà bọ̀, ẹ wá ìkòkò kékeré kan fún ajá. Láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, oúnjẹ ajá inú àpò tó ń ti òkè òkun wá ti gbówó lórí kọjá agbára ọ̀pọ̀ wa, nítorí náà kò sí ohun ìtìjú nínú kí a dáná fún ajá. Àsèdànù ni kí a má ṣe.

Ohun tí mo máa ń rà ni fùkù màlúù, nítorí pé kò wọ́n, tàbí ẹja títù tí mo ti yọ egungun rẹ̀. Kílò kan ni mo máa ń sè. Mo ń fi ẹ̀dọ̀ tó tó àtàǹpàkò méjì sí i, kò gbọdọ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé fítámì A tó wà nínú ẹ̀dọ̀ a máa pọ̀ jù fún ajá bí ó bá ń jẹ ẹ́ lọ́pọ̀ lójoojúmọ́. Ìrẹsì agolo mílíìkì kan àti ààbọ̀ ló ń tẹ̀ lé e, káróòtì mẹ́ta tí mo gé wẹ́wẹ́, àti elégédé bíbẹ̀ kan. Bí kò bá sí ìrẹsì, iṣu tàbí kúkúndùnkún tó jinná dáadáa náà dára. Ṣíbí epo pupa kan, ó parí. Kò sí iyọ̀, kò sí ata. Bí ẹ bá fi ojú pín abọ́ náà sí mẹ́rin, kí méjì jẹ́ ẹran tàbí ẹja, kí ọ̀kan jẹ́ ìrẹsì tàbí iṣu, kí ọ̀kan tó kù jẹ́ ẹ̀fọ́. Ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó gbé e fún un, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ní ti bí ó ṣe yẹ kó pọ̀ tó, ẹ fi ọwọ́ pa ìhà ajá yín. Bí ẹ bá ń fọwọ́ kan egungun ìhà rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ń rí wọn kedere lókèèrè, ó ń jẹ tó. Bí ẹ bá ní láti fọwọ́ wá egungun náà kẹ́ ẹ tó rí i, ẹ dín in kù.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: ẹran àti ìrẹsì kò ní kálísíọ̀mù tó yẹ kó lọ sínú egungun ajá. Mo máa ń ṣa èèpo ẹyin jọ, mo fọ̀ ọ́, mo yan án gbẹ nínú páànù, mo lọ̀ ọ́ kúnná bí ìyẹ̀fun. Ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì kan ni mò ń fi sí kílò oúnjẹ kan. Kó kúnná o, kó má baà ha á lọ́fun.

N kò ní tàn yín jẹ pé ohun tí mo ń sè yìí pé pérépéré. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ nípa ìtọ́jú ẹranko ní Yunifásítì California tó wà ní Davis, ní Amẹ́ríkà, yẹ igba ìlànà oúnjẹ ajá tí wọ́n ń kọ́ni láti sè nílé wò. Nínú ọgọ́rùn-ún, márùndínlọ́gọ́rùn-ún ló ṣaláìní ó kéré tán ohun aṣaralóore kan, àwọn dókítà ẹranko fúnra wọn ló sì kọ ọ̀pọ̀ lára àwọn ìlànà náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pààrọ̀ ẹran àti ẹ̀fọ́ lóòrèkóòrè, tí mo sì ń po díẹ̀ lára oúnjẹ inú àpò mọ́ ọn nígbà tí owó bá wà. Ọmọ ajá tó ń dàgbà, abo ajá tó lóyún tàbí tó ń tọ́mọ, ẹ má ṣe fi oúnjẹ ilé nìkan bọ́ wọn láìbá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀. Egungun ọmọ ajá a máa tẹ̀ bí kálísíọ̀mù kò bá tó.

Ẹ̀yin tí iná mànàmáná yín kò dúró, ẹ má sè ju ti ọjọ́ méjì lọ. Èyí tó bá sì ti bu, ẹ dà á nù. Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó ti bu ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́. Ohun tí ẹ kò lè fún ọmọ yín jẹ nítorí pé ó ti bu, ajá kọ́ lẹ máa fún.

Ìpanu ńkọ́? Ìyẹn ni iṣẹ́ àbíkẹ́yìn mi nínú ilé báyìí. Ó máa ń se kúkúndùnkún, á gún un, á po ẹyin kan àti ìyẹ̀fun àgbàdo mọ́ ọn títí yóò fi le, á gé e kéékèèké. A ń yan án nínú ìkòkò ńlá tí a da yanrìn sí nísàlẹ̀, bí àwọn tí kò ní ófùnù ṣe ń yan kéèkì, lórí iná tí kò le, títí tí yóò fi gbẹ. Nígbà mìíràn ó ń fi ẹ̀pà lílọ̀ tí kò ní iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ sí i. Káróòtì tútù náà dára. Ṣùgbọ́n kí ìpanu má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ajá ń jẹ lójúmọ́ lọ.

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀ wàyí, nítorí pé ẹ̀yin lẹ sábà máa ń jókòó síta pẹ̀lú ajá lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá ń jẹ obì, ẹ má ju àjẹkù rẹ̀ sílẹ̀. Èròjà inú obì tí kì í jẹ́ kí oorun kùn yín, òun náà ló ń mú ọkàn ajá lù kìkì títí á fi dá gìrì. Ṣokoléètì àti kòkó mímu ní irú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ṣúìngọ́ọ̀mù àti súìtì aláìní-ṣúgà tí àwọn ọmọ yín ń fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wo ara páálí rẹ̀. Bí ẹ bá rí xylitol níbẹ̀, ẹ gbé e sókè réré. Ó lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá já wálẹ̀ láàárín wákàtí kan, kó sì ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Èso àjàrà, tútù tàbí gbígbẹ irú èyí tí wọ́n ń fi sínú kéèkì, máa ń ba kíndìnrín ajá jẹ́.

Egungun adìẹ tí a ti sè ńkọ́? Mo mọ̀ pé èyí ló máa dun àwọn ènìyàn jù. Bí egungun bá ti rí iná, ó máa ń dá ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ ni, ó sì lè gún ìfun ajá. Ẹ sin ín.

Ti àwọn ọmọ wa ló kù. Ẹ má ṣe fún ajá ní ìfun tàbí ẹ̀dọ̀ tútù láti ọjà ẹran, nítorí pé aràn tó wà nínú rẹ̀ lè gba ara ajá dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń bá a ṣeré. Abọ́ ajá, kànìnkànìn tiẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ọmọ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tó bá fún ajá lóúnjẹ, kó má sì fọwọ́ kàn án nígbà tó bá ń jẹ lọ́wọ́, torí ajá tó mọ̀ ọ́n lè gé e jẹ. Oúnjẹ tó dára kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ọdọọdún. Bí ajá bá sì gé ẹnikẹ́ni jẹ, ì báà jẹ́ ajá ilé yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi epo tàbí ata sí i.

Bí ajá yín bá jẹ ohun tí kò yẹ, ẹ má dúró de àmì. Ẹ má fún un ní oògùn ènìyàn, ẹ má sì da epo sí i lẹ́nu pé kó bì. Ẹ mú páálí tàbí ọ̀rá ohun tó jẹ dání, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún un nípa ohun tí ẹ ti fún un, bó tilẹ̀ ń tì yín lójú bó ṣe ti èmi lójú lọ́jọ́ náà.