Àká Ètò Kọ̀ǹpútà Tọ́ Sí Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, àgbẹ̀ Alafiarou, ní agbègbè Tchaourou, ti ní èbù nílẹ̀. Nígbà tí ó wa iṣu àkọ́wà, kò fa ìtàkùn rẹ̀ tu. Ó da erùpẹ̀ bò ó padà kí ó lè tún ta èbù, èyí tí ó kó pamọ́ de ìgbà ọ̀gbìn. Ó lè ra iṣu jíjẹ lọ́jà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi oko ọdún tí ń bọ̀ sí ọwọ́ ọlọ́jà.

Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣe ìkànnì ayélujára fún mẹ́rì, ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ní irú ìṣọ́ra yìí. PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí Rasmus Lerdorf gbé jáde ní ọdún 1995, ni a fi kọ WordPress àti Moodle. Òun ló wà nídìí Wikipedia, títí kan ti èdè Yorùbá. Kò sí ẹni tí ń kọ gbogbo ètò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Composer ni ìránṣẹ́ tí ń bá òṣìṣẹ́ kó àwọn ètò kéékèèké tí ẹlòmíràn ti ṣe wá láti Packagist, ọjà ńlá tí ẹrù rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Èyí tí a fi owó rà a máa wá tààrà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á.

Ẹni tó ni ilẹ̀kùn lè tì í. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, WordPress.org ti àká rẹ̀ mọ́ WP Engine, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń gba ìkànnì lálejò, nítorí ìjà lórí orúkọ àti owó. Àwọn oníbàárà tí kò bá ẹnikẹ́ni jà kò lè gba àtúnṣe ètò wọn bí wọ́n ti ń gbà á tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá, WordPress.org gba àyè Advanced Custom Fields, ètò àfikún tí WP Engine ni, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà nínú àká náà. Ó di ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá kí ilé-ẹjọ́ kan ní Kalifọ́níà tó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó ní ẹ̀dà tirẹ̀ nílé kàn ń wòran ni.

Òkun náà ní ìjà tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún kan náà, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára àwọn tó fara gbá a. Bí ìsopọ̀ inú ilé bá dára, àká tó wà ní Kútọ̀nú tàbí Parakou kò nílò okùn òkun kí ó tó dá òṣìṣẹ́ Alafiarou lóhùn.

Kíkọ́ rẹ̀ kò wọ́n. Satis, ètò ọ̀fẹ́ láti ọwọ́ àwọn tó ni Composer, lè ṣiṣẹ́ lórí sáfà kékeré. Ibi tí ó rọrùn láti ṣìnà nìyí: bí a kò bá fi ọ̀rọ̀ archive sínú satis.json kí ó lè kó ẹrù gan-an pamọ́, àkójọ orúkọ lásán ni yóò ṣe, ẹrù yóò ṣì wà lókè òkun. Ẹni tó kọ orúkọ èbù sínú ìwé kò tíì ní èbù. Ní ti ètò tí a rà, tí olùtajà fi ránṣẹ́ bíi zip, Composer lè kà á láti inú àpótí tí a pè ní artifact, bí composer.json tó sọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀dà bá wà nínú rẹ̀. Láti Composer 2, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, bí a bá kọ́kọ́ dárúkọ àká tiwa, tí ètò kan sì wà níbẹ̀, Composer kò ní lọ wá orúkọ kan náà ní Packagist, níbi tí alárékérekè lè fi ayédèrú sí.

Àká náà gbọdọ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé àṣẹ ni kò jẹ́ kí ohun tí mẹ́rì kan rà di ti gbogbo mẹ́rì. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́múnù Borgou lè jùmọ̀ ní sáfà kan, kí kálukú ní yàrá tirẹ̀ nínú rẹ̀. Èbù a sì máa jẹrà: ètò tí a kó pamọ́ tí a kò tún ṣe a máa di ihò fún olè. Kí wọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa mú àtúnṣe ààbò wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí owó oṣù rẹ̀ sì wà nínú ìṣúná, bí owó epo ọkọ̀ mẹ́rì ti wà níbẹ̀.