Adìẹ Tí Ó Dìde Lẹ́yìn Ìjàǹbá

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Bí a bá tọpinpin ọ̀rọ̀ náà, adìẹ kì í làágùn rárá, nítorí kò ní ihò òógùn. Ẹnu ni ó ń là láti fi tu ara rẹ̀ lára nígbà tí oòrùn bá mú. Síbẹ̀, ohun tí àwọn àgbà ní lọ́kàn kò yẹ̀: ohun tí ń ṣe adìẹ kì í tètè hàn sójú. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin àgbẹ̀ olóko kékeré àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù sọ, nítorí adìẹ ń kú mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́yìn ìjàǹbá, a sì ń di ẹ̀bi ikú náà lé ohun mìíràn lórí.

Ẹ ó ti rí irú rẹ̀ rí. Alùpùpù gbá àgbébọ̀ kan ní ẹnu ọ̀nà. Ìyẹ́ fò, ariwo ta, gbogbo ilé sáré jáde. Kí a tó dé ibẹ̀, adìẹ ti dìde, ó ti gbọn ara rẹ̀, ó sì ti sá wọ abẹ́ àká. A ó ní, “Kò sí ohun tí ó ṣe é.” A ó dúpẹ́, a ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́ wa. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, a ó bá òkú rẹ̀ ní ìdí ògiri. Lójú tèmi, gbólóhùn tí a sọ yẹn wà lára ohun tí ó pa á.

Ẹyẹ jẹ́ ẹ̀dá tí ọ̀tá rẹ̀ pọ̀. Àṣá ń wò ó láti òkè, ológbò ń lúgọ dè é nílẹ̀, èyí tí ó bá sì ń tiro nínú agbo ni ó rọrùn fún wọn láti mú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá kì í ṣàánú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, wọn a máa fi ẹnu sọ ojú egbò náà títí yóò fi burú jù bí ó ti wà lọ. Nítorí náà ni ẹyẹ fi ń fi gbogbo agbára tí ó ṣẹ́ kù sí i lára pa àìlera mọ́. Ó lè máa fi ẹnu kan ilẹ̀ bí ẹni pé ó ń ṣa àgbàdo jẹ, kí ó má sì gbé ẹyọ kan mì. Ìgbà tí agbára náà bá tán ni a tó ń rí i pé ó ń ṣàìsàn, ìgbà yẹn sì ti pẹ́ jù lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ rọra mú un, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e pẹ̀lú ìyẹ́ apá rẹ̀ ní pípadé mọ́ ara rẹ̀, kí ẹ sì fi òun nìkan sínú àgò tàbí agbọ̀n tí ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí. Ẹ gbé e sí ibi tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ wọlé gààràgà, tí àwọn ọmọdé àti ajá kò sì ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jìnnà sí i kí ẹ máa wò ó láti òkèèrè, nítorí bí ó bá ti rí yín nítòsí, yóò tún na ọrùn rẹ̀ bí akíkanjú.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ wò ni mímí rẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, gbogbo adìẹ ni í máa la ẹnu, èyí kò ní nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, tí ibẹ̀ sì tutù, tí ó sì ń la ẹnu mí síbẹ̀, tàbí tí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò pẹ̀lú èémí kọ̀ọ̀kan, ẹ mọ̀ pé inú rẹ̀ kò dá. Ẹyẹ kì í mí bí ènìyàn. Kò ní iṣan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pààlà sí àárín àyà àti ikùn wa. Igẹ̀ rẹ̀ ni ó ń lọ síwá sẹ́yìn bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ láti fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹni tí ó bá fún un ní igẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má baà sá lè pa á sí ọwọ́ láìmọ̀. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ tún wà káàkiri inú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì lè bẹ́ nígbà ìjàǹbá. Awọ ara rẹ̀ yóò wú bí àpòòtọ̀ tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, bí ẹ bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò máa dún bí ìgbà tí a tẹ ewé gbígbẹ. Eegun òkè apá rẹ̀ pàápàá jẹ́ oníhò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì bá ti ẹ̀dọ̀fóró tan. Bí eegun yìí bá ṣẹ́ tí ó yọ síta, ẹ má ṣe da omi tàbí oògùn sí ojú egbò náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ogbe orí rẹ̀. Bí ogbe tí ó pọ́n tẹ́lẹ̀ bá ṣì tí ó funfun, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń ya nínú. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára àgbébọ̀ tí ó wọn kílò kan àtààbọ̀ kò ju nǹkan bí 100 mílílítà lọ, èyí tí kò tó ìdajì ife omi. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bá dà sínú ikùn ti tó láti gba ẹ̀mí rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan hàn síta. Ẹ wo ojú rẹ̀ méjèèjì bóyá ẹyinjú wọn dọ́gba. Ẹ wo etí, imú àti ẹnu bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí kò bá ṣu rárá, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe dákẹ́.

Ohun kan wà tí ó máa ń dẹ́rù ba ènìyàn láìnídìí. Ibi tí a bá ti gbá adìẹ yóò pọ́n lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn ọjọ́ bíi méjì yóò di àwọ̀ ewé. Mo ti rí ẹni tí ó rò pé ẹran náà ti ń rà, tí ó sì fẹ́ gbé e sọnù láàyè. Bí ara ẹyẹ ti ń tú ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sábẹ́ awọ palẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ìdíbàjẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ajá tàbí ológbò ni ó gbé e, tí a sì gbà á sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú eyín lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kí ìyẹ́ sì bò ó pátápátá. Ẹ fi omi díẹ̀ pa ìyẹ́ náà yà kí ẹ lè rí awọ. Kòkòrò àrùn tí ń bẹ ní ẹnu ológbò a máa pa ẹyẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, bí egbò náà tilẹ̀ kéré. Ní ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ kàn sí dókítà ẹran.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rọ omi, epo tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Ihò tí ó ń mí gbà wà ní ẹ̀yìn ahọ́n rẹ̀ gan-an, ibẹ̀ ni ohun tí a bá rọ yóò gbà lọ. Ẹ gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó mu ún fúnra rẹ̀. Oògùn tí a rà fún orí fífọ́ tiwa kì í ṣe tirẹ̀.

Èyí tí ó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àwọn ọmọ wa. Ọmọ fi ilẹ̀kùn pa adìẹ lára, tàbí ó jẹ́ kí àgò já bọ́ lórí ọkọ̀, ó sì dákẹ́ nítorí pàṣán tí ó mọ̀ pé ó ń dúró dè é. Ní ọjọ́ kejì adìẹ náà wọ́ ọrùn, ó ń rìn ní òbìrí, ó kú. Ìyá rẹ̀ kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ní lúkúlúkú ti dé, nítorí lúkúlúkú náà a máa wọ́ adìẹ lọ́rùn. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kó gbogbo agbo lọ sí ọjà, ó sì tà wọ́n ní ọ̀pọ̀. Owó ẹ̀yin oṣù mélòó ni pàṣán kan gbà lọ yẹn? Èrò tèmi ni pé kí a sọ fún gbogbo ọmọ inú ilé pé a kì yóò na ẹni tí ó bá wá jẹ́wọ́ ní kíá. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì mọ̀ nípa ìjàǹbá kankan, ẹ ya èyí tí ó wọ́ ọrùn sọ́tọ̀, kí ẹ pe dókítà ẹran, ẹ má sì gbé ọ̀kan nínú agbo náà lọ sí ọjà kí ó tó dé.

Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù tí ń kó adìẹ lọ sí ọjà pọ̀ lè ní àgò kan tàbí méjì tí ó ṣófo nínú ọkọ̀, fún èyí tí ó bá farapa lọ́nà. Ẹ má ṣe ta irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn bí ẹni pé ara rẹ̀ dá. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣẹ́, tí kò lè gbé ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́, ẹ tètè pa á, kí ìyà má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá kú fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹran jíjẹ, inú ilẹ̀ ni kí ẹ sin ín sí.

Bí ó bá di ọjọ́ kẹta, tí adìẹ náà ń jẹun ní tòótọ́, tí ó ń ṣu bí ó ti yẹ, tí ogbe rẹ̀ sì pọ́n, ẹ lè dá a padà sínú agbo. Alẹ́ ni kí ẹ gbé e wọlé, nígbà tí àwọn yòókù bá ti sùn, kí ilẹ̀ lè mọ́ bá a láàárín wọn.