Ẹ Fún Ẹmu Wa Ní Orúkọ

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé ilẹ̀ ẹfun Champagne ló fún wáìnì ibẹ̀ ní adùn, a ó gbà á gbọ́ láìjiyàn. Bí adẹ́mu Sakété bá sọ pé ilẹ̀ òun ni ẹmu òun fi dùn, ẹ̀rín la ó fi dá a lóhùn. Kí ló dé?

Ilẹ̀ pupa tó tẹ́ láti Sakété dé Pobè, tí àwọn Faransé ń pè ní terre de barre, jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbòǹgbò ọ̀pẹ fi ń rìn fàlàlà nínú rẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Issaba, nílẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí: amọ̀ dúdú ni ẹ ó bá, tí í lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ lásìkò òjò, tí í sì í sán nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ta ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀kan náà ni méjèèjì?

Òjò wa kò pọ̀ tó ohun tí ọ̀pẹ ń fẹ́. Àwọn ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ, bí èyí tó wà ní Pobè láti 1922, mọ̀ pé ọ̀dá omi a máa dín èso kù, a sì máa mú kí òdòdó akọ pọ̀ sí i. Ohun tí elépo fi ń káwọ́ lérí nìyẹn; ìdí òdòdó akọ kan náà ni adẹ́mu tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ ti ń dá ẹmu.

Wọ́n ní ẹmu kì í pẹ́ kó tó kan, nítorí náà kò yẹ fún orúkọ. Sódábì tí à ń sè láti inú rẹ̀ ńkọ́? Òun náà ń kan ni? Ọ̀pẹ òyìnbó Allada ti gba orúkọ tirẹ̀ lọ́wọ́ OAPI ní 2021. Ọ̀pẹ ilé ń wòran.

Àwa fúnra wa la ń ba ọjà náà jẹ́. A ń bu omi àti ṣúgà sí ẹmu kí a tó sè é. A ń gé ọ̀pẹ lulẹ̀ nítorí ẹmu ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a kì í sì í gbin òmíràn. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi Pobè tàbí Sakété pe ọtí rẹ̀. Kí àwọn adẹ́mu àti àwọn tó ń sè sódábì jókòó pọ̀, kí wọ́n kọ òfin sílẹ̀: ilẹ̀ wo, ọ̀pẹ wo, láìsí ṣúgà, igi méjì fún ọ̀kan tí a bá gé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ló lè kọ ọ́ fún wọn ní èdè méjèèjì, kí ó tó dé iwájú ìjọba.