Irọ́ Ni Pé Àyà Akọni Kì Í Já

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ pé akọni tòótọ́, àyà rẹ̀ kì í já. Bí ọmọ bá gba pẹnárítì sókè, ojo ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò tí gbogbo ohun tó kà sì fò lọ lórí rẹ̀, kò láyà ni. A ó wá fi òwe tì í lẹ́yìn pé àyà níní ju oògùn lọ, bí ẹni pé ẹni tó pa á sọ pé àyà tó bá ń lù kìkì kì í ṣe àyà mọ́. Mo kọ ìwé yìí láti sọ pé irọ́ ni, irọ́ tó sì ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ ni. Ẹ̀rí mi kò ti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gba ife-ẹ̀yẹ rí wá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó gbà á gan-an ni: àwọn ọ̀gá nínú eré gọ́ọ̀fù, tí wọ́n fi ọ̀pá sílẹ̀, tí wọ́n sì di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Gọ́ọ̀fù ni mo mú nítorí pé kò síbi tí ẹ̀rù lè fara pa mọ́ sí níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù kì í sáré, kò sẹ́ni tó ń lé ọ, kò sẹ́ni tó máa ta ọ́ lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń gbá ihò 72, ẹni tí iye ìgbá rẹ̀ bá kéré jù ló ń borí. Láàárín ìgbá kan sí èkejì, ìrìn lásán ni, àyè sì wà láti ro gbogbo aburú tó lè ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo Ken Venturi, ọmọ San Francisco. Akólòlò ni ní kékeré. Ní 1956, nígbà tí kò tíì máa fi gọ́ọ̀fù jẹun, ó wọ ọjọ́ ìkẹyìn ìdíje Masters ní Augusta pẹ̀lú ìgbá mẹ́rin níwájú gbogbo ayé. Ìgbá 80 ló lò lọ́jọ́ náà. Jack Burke, tí ìgbá mẹ́jọ wà láàárín wọn láàárọ̀, fi ẹyọ kan borí rẹ̀. Lóòótọ́, ẹ̀fúùfù líle ń jà, ó sì fìyà jẹ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n aráyé ò bá ẹ̀fúùfù wí, Venturi ni wọ́n bá wí. Bó bá jẹ́ pé ohun tí à ń sọ nípa ojo jẹ́ òótọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí ìtàn rẹ̀ parí sí. Kò parí. Ní 1964, ní pápá Congressional lẹ́bàá Washington, ihò 36 ni wọ́n gbá lọ́jọ́ ìkẹyìn US Open, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà, nínú ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn ihò 18 àkọ́kọ́, dókítà kìlọ̀ fún un pé bó bá padà jáde, ó lè kú. Ó padà jáde. Ìgbá 66 láàárọ̀, 70 lọ́sàn-án, ó sì fi ìgbá mẹ́rin gba ife náà. Lẹ́yìn èyí ni akólòlò àtijọ́ yìí lọ jókòó sídìí makirofóònù CBS, ó sì lo ọdún 35 níbẹ̀. Èwo nínú wọn ni Venturi gan-an? Ẹni ti 1956 àbí ẹni ti 1964? Ẹnì kan náà ni, ọkàn kan náà ló sì gbé lọ sí ìdíje méjèèjì.

Johnny Miller ni ẹlẹ́rìí mi kejì. Ní 1973, ní Oakmont, ìgbá mẹ́fà ló fi wà lẹ́yìn nígbà tí ọjọ́ ìkẹyìn US Open bẹ̀rẹ̀. Ó gbá 63, ó sì gba ife. Ní 1976 ó tún gba Open ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni yóò pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní ojo? Síbẹ̀, nígbà tí NBC gbé e síwájú makirofóònù ní 1990, òun ló ń sọ ọ́ láìfi bò pé ẹ̀rù ń ba àwọn ọ̀gá. Nínú ìdíje tó kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lé lórí, ní California, Peter Jacobsen ló wà níwájú, ó dé ihò tó kẹ́yìn, omi sì wà láàárín òun àti ibi tí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí. Miller sọ fún àwọn òǹwòran pé irú ìgbá tí ẹ̀rù máa ń bà jẹ́ jù lọ nìyí. Inú bí àwọn èèyàn. Wọ́n ní ó tàbùkù ọkùnrin náà. Èmi ò rí àbùkù kankan níbẹ̀. Jacobsen gbá bọ́ọ̀lù náà kọjá omi, ó sì gba ìdíje. Ọ̀rọ̀ Miller jẹ́ òótọ́, bọ́ọ̀lù náà sì kọjá.

Miller mọ ohun tó ń sọ. Àwọn ìgbá kéékèèké tó súnmọ́ ihò, èyí tí ọmọdé lè gbá wọlé, ti di ìṣòro fún un tipẹ́ kó tó fi eré sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1994, ó gbé makirofóònù sílẹ̀, ó lọ gbá ní Pebble Beach ní ẹni ọdún 46, ó sì borí, tòun ti ọwọ́ tí kò balẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Muirfield ní Scotland, níbi ìdíje Open ti 1987. Ó ku ihò méjì, Paul Azinger wà níwájú. Ó sọ ìgbá kan nù ní ihò 17, ó sọ òmíràn nù ní 18. Nick Faldo, tó gbá gbogbo ihò 18 ọjọ́ náà ní iye tí pápá yàn gẹ́lẹ́, láìlé láìdín, ló gba ife-ẹ̀yẹ. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé Faldo ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù. Wọ́n gbàgbé pé àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ rẹ̀ ti fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí nítorí bí ìdíje ṣe ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n gbàgbé pé ó lo nǹkan bí ọdún méjì lọ́dọ̀ David Leadbetter, tí wọ́n tú gbogbo bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù palẹ̀, tí wọ́n sì tún un tò kó lè dúró lọ́jọ́ tí ara bá ń gbọ̀n. Ẹni tí àyà rẹ̀ kì í já kì í fi ara rẹ̀ sínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Azinger náà gba ìdíje PGA ní 1993. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì jókòó pa pọ̀ lórí ABC, ẹni tó gbà á àti ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń ṣàlàyé ìpayà àwọn ẹlòmíràn fún òǹwòran. Ta ló lè gbọ́ wọn kó ní ọ̀kan ló mọ ẹ̀rù, pé èkejì kò mọ̀ ọ́n?

Nínú àwọn ẹlẹ́rìí mi, Peter Alliss ti BBC nìkan ni kò gba ọ̀kankan rí nínú ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo ti ń dárúkọ bọ̀. Ní Ryder Cup 1953, ìdíje ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, ní Wentworth, ọmọ ọdún 22 ni, ó ba ihò tó kẹ́yìn jẹ́, Jim Turnesa sì borí rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ fi ẹyọ àmì kan pàdánù ife náà. Òun ni ohùn gọ́ọ̀fù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dé 2020 tó kú, àánú ẹni tó ń jìyà lórí pápá kì í sì í wọ́n nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹnì kan yóò ní, Tiger Woods ńkọ́? Woods fúnra rẹ̀ ti sọ pé ẹ̀rù máa ń ba òun níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n mú ẹlòmíràn wá.

Kí ló wá ń ya ìgbá tó wọlé sọ́tọ̀ sí èyí tó yà? Ní 2001, Sian Beilock àti Thomas Carr ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi gbígbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù sínú ihò ṣe. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kì í dúró ro iṣẹ́. Ìpayà ló ń mú kí èèyàn padà máa ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń bà á jẹ́. Àwọn tí wọ́n ti fi kámẹ́rà ká sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, tí ojú ti mọ́ wọn lára, kò ṣubú nígbà tí ìnira dé. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ eré, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gba pẹnárítì níṣojú èrò látìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò wa, ẹ má pe ọmọ ogún ọdún ní ojo nítorí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo; ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i fún wa, bí Miller ti ń ṣe.

Bó bá sì ku ẹni tó ń jiyàn, kó wo Rory McIlroy. Ní 2011, ó wọ ọjọ́ ìkẹyìn Masters pẹ̀lú ìgbá mẹ́rin níwájú, ó gbá 80, gẹ́gẹ́ bíi Venturi. Oṣù méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìgbá mẹ́jọ gba US Open, ní Congressional kan náà. Ní 2025, ó dúró sórí ihò 18 ní Augusta, bọ́ọ̀lù kò ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ sí ihò. Bó bá wọlé, Masters ti di tirẹ̀. Kò wọlé. Òun àti Justin Rose wá dọ́gba. Wọ́n dá àwọn méjèèjì padà sí ihò 18 yẹn kan náà láìpẹ́, McIlroy sún mọ́ ọn, ó gbé bọ́ọ̀lù sẹ́bàá ihò, ó gbá a wọlé, ó sì gba ife tó ti ń wá látọjọ́ pípẹ́. Kí ẹni tó bá ṣì gbà pé ojo ni ẹni tí àyà rẹ̀ bá já wá tọ́ka sí èyí tí ojo gbá nínú ìgbá méjèèjì, kó sì sọ ẹni tó gbá èkejì fún wa.