Àbùlẹ̀ Ní Í Mú Ẹ́ńjìnnì Tọ́jọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti oríkì tàbí ti ìsọmọlórúkọ. Ọ̀rọ̀ ihò kékeré kan ni, ihò púlọ́ọ̀gì, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di ẹni tí ń purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Mo ní katakata kékeré kan, tòkunbọ̀ ni, tí mo fi ń gé koríko ní àgbàlá ilé wa lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti jẹnẹrétọ̀: sìlíńdà kan, písítìnì kan, púlọ́ọ̀gì kan. Ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ ṣe ìrántí bàbá mi, koríko ti bo ọ̀nà, àlejò sì ń bọ̀ ní Sátidé. Katakata ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó kú. Mo ní púlọ́ọ̀gì ni yóò jẹ́. N kò dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù. Mo tú u bí ó ti gbóná, mo sì ki tuntun bọ̀ ọ́. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀, kò fẹ́ wọlé mọ́. Mo mú sípánà gígùn, mo fi gbogbo agbára mi dè é. Ó wọlé. Mo gé koríko mi tán, a ṣe ìrántí, àwọn àlejò jẹ, wọ́n mu, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn oṣù kan, ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi wá ṣe ìtọ́jú ẹ̀rọ náà. Bí ó ti ń tú púlọ́ọ̀gì, bẹ́ẹ̀ ni ó ń le, tí ó sì ń dún. Nígbà tí ó jáde, alumíníọ̀mù tí ó ya láti ara ihò ti wé mọ́ ọn bí èèpo iṣu. Ọmọ náà dá a padà, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó ń yí lófo, kò dì mú. Ó ní, “Bàbá, tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti bó.” Ara mi gbóná. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù pé ọmọ rẹ̀ ti ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́, pé kí ó yọ owó rẹ̀ nínú ìwọ̀nba owó oúnjẹ tí ó ń fún un. Ọmọ náà kò jiyàn. Ó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú púlọ́ọ̀gì náà dání.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá rẹ̀ dé. Kò bi ọmọ náà ní nǹkan kan. Ó gba púlọ́ọ̀gì, ó gbé e sí ojú oòrùn, ó wò ó yíká. Ó wá bi mí pé, “Alàgbà, ta ló de púlọ́ọ̀gì yìí kẹ́yìn?” Mo ní èmi ni. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìlà rẹ̀. Ọ̀kan gun orí èkejì. Wíwọ́ ló wọ́ wọlé. Ẹni tó tú u kọ́ ló bà á jẹ́, ẹni tó dè é ni. Ọmọ yìí kàn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ já ni.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àfọwọ́fà ni. Ojú tì mí. Níwájú ọ̀gá rẹ̀ ni mo ti bẹ ọmọ náà, nítorí pé níwájú ọ̀gá rẹ̀ ni mo ti bà á lórúkọ jẹ́.

Kí ló fa á gan-an? Irin ni ara púlọ́ọ̀gì, alumíníọ̀mù sì ni orí ẹ́ńjìnnì. Bí irin àti alumíníọ̀mù bá jà, a mọ ẹni tí yóò ṣubú. Púlọ́ọ̀gì irú èyí fẹ̀ ní mìlímítà 14, àlàfo tí ó wà láàárín ìlà kan àti èkejì kò sì ju mìlímítà 1.25 lọ. Bí ó bá wọ́ díẹ̀ ní ẹnu ihò, ńṣe ni yóò gé ọ̀nà tuntun fún ara rẹ̀ kọjá lórí ọ̀nà àtijọ́. Sípánà gígùn kò ní jẹ́ kí ọwọ́ mọ̀ pé nǹkan ń bàjẹ́. Àṣìṣe mi kejì ni pé n kò wọn gígùn ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì tí mo rà. Èyí tí ẹ́ńjìnnì mi ń lò gùn ní mìlímítà 9.5, tèmi jẹ́ 12.7. Ìyókù yọ sínú ibi tí iná ti ń jó, èédú gan mọ́ ọn lára, nígbà tí ó sì ń jáde, ó fi èédú náà ha ìwọ̀nba tẹ́rẹ́ẹ̀dì tí ó ṣẹ́kù. Ọpẹ́ ni pé písítìnì kò gbá a.

Ìmọ̀ràn pọ̀ ní àdúgbò. Ẹnìkan ní kí n fi òwú wé e. Ẹlòmíràn ní bébà sìgá, ẹ̀kẹta ní gọ́ọ̀mù líle. Mo lòdì sí gbogbo rẹ̀. Nígbàkigbà tí epo bá gbiná nínú sìlíńdà, atẹ́gùn gbígbóná máa ń ti písítìnì sísàlẹ̀, agbára kan náà ni ó sì fi ń ti púlọ́ọ̀gì sókè. Òwú kò lè dá irú agbára bẹ́ẹ̀ dúró. Púlọ́ọ̀gì tí kò bá dì mú lè fò jáde bí òkò, ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó ní ojú rẹ̀ yóò lọ.

Ọ̀gá mẹkáníìkì náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ihò nìkan ló bàjẹ́, a kì bá ti fi tápù tún ọ̀nà àtijọ́ ṣe, kí ó sì parí. Ṣùgbọ́n tèmi ti bó dé ìdí. Ó tú orí ẹ́ńjìnnì kúrò pátápátá, nítorí pé ní irú ẹ́ńjìnnì yìí, ẹ̀gbẹ́ sìlíńdà ni àwọn fáàfù wà, orí kò ju ọmọrí ìkòkò lọ. Ó ní ẹni tí ó bá lu ihò náà láìtú orí, kí ó fi gírísì kún ojú tápù kí ó lè mú ẹ̀rún irin, nítorí ẹ̀rún tí ó bá já sínú sìlíńdà yóò ha ògiri rẹ̀. Ó gbé orí náà lọ sọ́dọ̀ tọ́nà. Tọ́nà fẹ ihò náà, ó gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, ó sì de búùṣì irin mọ́ ọn, èyí tí ó ní ìlà níta àti nínú, tí ó sì ní etí lókè kí ó má baà rì. Ó rí i dájú pé ìdí búùṣì kò yọ sínú ibi iná, nítorí irin tí ó bá yọ síbẹ̀ yóò gbóná pọ́n, yóò sì máa tan epo kí àkókò tó tó. Àwọn ibòmíràn ń lo Heli-Coil, wáyà irin tí kì í dípẹtà, tí a ká bí ejò. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Nígbà tí orí padà sípò, a fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, a sì de àwọn bóòtù rẹ̀ ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó wá de púlọ́ọ̀gì tuntun, èyí tí gígùn rẹ̀ bá a mu. Ọmọ náà fi ìka lásán yí i títí tí òrùka rẹ̀ fi kan orí. Ìgbà yẹn ló tó mú sípánà, ó yí i ní ìdajì ìyípo àti díẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Kò gùn ún, kò fi ẹsẹ̀ tì í. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Àwọn bàbá wa ní àbùlẹ̀ ní í mú aṣọ tọ́jọ́, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n oríṣi àbùlẹ̀ méjì ló wà. Ọ̀kan ń bo ihò mọ́lẹ̀ kí ojú má rí i. Òwú àti gọ́ọ̀mù ni ìyẹn. Ariwo tí mo pa mọ́ ọmọ ọlọ́mọ náà kò yàtọ̀ sí i, nítorí mo fi bo àṣìṣe ara mi. Èkejì ń kọ́kọ́ gé èyí tí ó ti bàjẹ́ kúrò, ó ń fẹ ihò sí i, kí ó tó fi ohun tí ó le ju ti àtijọ́ lọ sípò. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: irin ni púlọ́ọ̀gì mi ń dì mọ́ báyìí, kì í ṣe alumíníọ̀mù mọ́.

Mo tún ṣàkíyèsí nǹkan kan. Látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Yorùbá ni ọ̀gá yẹn fi kọ́ mi. Ó yá púlọ́ọ̀gì, tápù àti búùṣì lò, ṣùgbọ́n ìdí ohun gbogbo, Yorùbá ló fi là á yé mi. Àwọn tí ń sọ pé èdè wa kò lè gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó dá mi lójú pé wọn kò jókòó rí ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Nítorí náà, bí nǹkan bá já mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́ ní ilé yín, kí ẹ tó pariwo, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ta ló dè é kẹ́yìn.